Bí mo ṣe to àkọsílẹ̀ àwọn láàbù òkun àti ẹ̀rọ inú wọn, láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Kabba

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ṣèlérí pé mo máa kọ bí iṣẹ́ yìí ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀, owó tó jẹ, ibi tí mo ti ṣìṣe àti bí mo ṣe tún un ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ má bàa já sí kòtò tí mo ti já sí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní ní Kabba, nílẹ̀ àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, mò ń tẹ̀wé, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, mi ò kàwé nípa òkun rí. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ mi bi mí pé kí lọmọ Okun ń wá lójú òkun, mo ní bàbá, omi Kampe tó ń ṣàn ní ilẹ̀ Yagba níbẹ̀ yẹn, inú Ọya ló ń já sí, Ọya dẹ̀ ń já sí òkun, nǹkan wa wà níbẹ̀.

Ohun tó fà á gan-an

Àbúrò mi obìnrin kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, ń kàwé nípa ẹja àti omi òkun ní yunifásítì. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ó bu omi ọ̀sà sínú ike méjìlá, ó kó wọn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ó gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí ibì kan tí ìwé kan sọ pé wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wọn nitrate àti phosphate inú omi, ìyẹn èròjà tó ń bọ́ ewéko inú omi. Ó débẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọ́n mú un wọlé, wọ́n fi ẹ̀rọ náà hàn án, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó, eruku ti bo aṣọ yẹn, ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló sọ fún un pé ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́, kódà kí àbúrò mi tó wọ ilé ìwé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ yìnyín ti yọ́ tán. Ó pè mí, ó ń sunkún. Kì í ṣe owó ọkọ̀ ló ń dùn ún, omi yẹn ni, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ ojú omi jáde fún wọn ní sẹ́mẹ́sítà kan.

Mo ní kó fi ìwé tó tẹ̀ lé yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, kò sí déètì kankan lórí ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọdún tó kọjá ni wọ́n kọ ọ́, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Irinṣẹ́: láptọ̀ọ̀pù HP àtijọ́ kan tí RAM ẹ̀ jẹ́ 4GB, Google Sheets, Google My Maps, fóònù méjì torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kì í tó èèyàn níbí, jẹnẹrétọ̀ kékeré, àti ìwé eighty leaves kan. Ẹ má fojú kékeré wo ìwé yẹn o, torí nígbà tí iná bá lọ láàárín ìpè, òun ló máa ń gbà mí.

Ìpele 1: Mo kọ orúkọ ilé, mo gbàgbé ẹ̀rọ

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe èyí. Gbogbo ibi tí mo bá ti rí orúkọ tó jọ mọ́ òkun tàbí ẹja, mò ń dà á sínú sheet: orúkọ, ìlú, nọ́ńbà fóònù, ìmeèlì. NIOMR ní Victoria Island l'Ékòó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, òun gan-an ni iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti orílẹ̀-èdè yìí. Oko ẹja ìdánwò tí wọ́n ní ní Buguma, ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí omi ti níyọ̀ díẹ̀. ARAC, ibùdó ìwádìí lórí ẹja sísìn ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt. NIFFR ní New Bussa lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Kainji, èyí jẹ́ ti omi odò, kì í ṣe ti òkun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wọn omi ò mọ ìyàtọ̀ púpọ̀. Federal College of Fisheries and Marine Technology l'Ékòó, ẹ̀ka Marine Sciences ní UNILAG, ẹ̀ka Marine Science and Technology ní FUTA l'Ákùrẹ́, àwọn tó ń kọ́ oceanography ní Yunifásítì Calabar, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí ó fi di ìlà 62. Inú mi dùn gan-an, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní aago mọ́kànlá alẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ kì í ṣe ilé ni mò ń wá, ẹ̀rọ ni. Tí mo bá fẹ́ wọn nitrate lónìí, nínú méjìlélọ́gọ́ta yìí, ta ni kí n pè?"

Mi ò rí èsì kankan fún un. Ọjọ́ mẹ́ta iṣẹ́ mi, kò sí èsì kan nínú ẹ̀.

Ìpele 2: Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi òpó kan kún un, mo pè é ní "ẹ̀rọ", mo wá ń kó gbogbo ẹ̀rọ ibì kan sínú àpótí kan ṣoṣo, mo ń fi kọ́mà pín wọn: CTD, microscope, freezer, boat. Àṣìṣe ńlá. Ẹ ò lè tò ó, ẹ ò lè kà á, tí ẹ bá ní kó wá ẹ̀rọ kan fún yín, gbogbo ìlà yẹn ló máa kó wá. Kò tán síbẹ̀. Ibì kan á kọ "spectrophotometer", ibì kan á kọ "UV-Vis", ẹlòmíì á kọ "spectro", ohun kan náà ni gbogbo wọn, ẹ̀rọ tó ń tan iná gba inú omi aláwọ̀ kọjá láti mọ bí nǹkan inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bákan náà ni CTD, tí wọ́n ń sọ sínú òkun láti mọ bí omi ṣe gbóná sí, bó ṣe níyọ̀ tó àti bó ṣe jìn tó, mo rí ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn èèyàn fi kọ ọ́.

Bí mo ṣe wá ṣe é nìyí, ó dẹ̀ ti dúró bẹ́ẹ̀ títí di òní:

a) Sheet kan fún Ibi. Ibi kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tiẹ̀, bíi NG-LA-001, kóòdù yẹn ò ní yí padà láéláé, kódà tí wọ́n bá yí orúkọ ibẹ̀ padà.

b) Sheet kan fún Ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kan, ìlà kan. Tí ibì kan bá ní ẹ̀rọ méje, ìlà méje ni, gbogbo wọn á sì ru kóòdù ibi tí wọ́n wà.

d) Sheet kan fún orúkọ tí a fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ń kọ ẹ̀rọ kò lè tẹ ohun tó wù ú, ó máa mú un láti inú drop-down ni. Orúkọ mìíràn tí àwọn èèyàn ń pè é wà ní òpó kejì fún ẹni tó bá ń wá a.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gba agbára mi. NIFFR tí mo kọ, mo tún ti kọ ọ́ níbòmíì sí Kainji Lake Research Institute láìmọ̀, torí bí wọ́n ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀ nìyẹn, 1987 ló di NIFFR. NIOMR náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wà nínú sheet mi, lẹ́ẹ̀kan bí orúkọ kíkún, lẹ́ẹ̀kan bí ìkékúrú, lẹ́ẹ̀kan tí ẹnì kan ṣi sípẹ́lì ẹ̀. Lápapọ̀ mo yọ 14 tó jẹ́ àtúnkọ, ó ku 48, mo tún yọ 9 tí kì í ṣe láàbù rárá, ọ́fíìsì lásán ni, ó ku 39. Ó dùn mí díẹ̀ bó ṣe ń wálẹ̀ yẹn, àmọ́ 39 tó jẹ́ òótọ́ sàn fún mi.

Ìpele 3: Kí ni "ẹ lè lò ó" túmọ̀ sí?

Mo ti kọ́kọ́ fi òpó kan síbẹ̀ tó sọ pé "ṣé àlejò lè lò ó? Bẹ́ẹ̀ ni / Rárá". Èyí náà ò dáa tó. Àbúrò mi ló ní kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì, mo wá ka ti Naples ní Ítálì. Anton Dohrn, ará Jámánì, ló dá ibùdó ìwádìí òkun sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1872, kò dẹ̀ ní owó tó láti máa bọ́ ọ, ó wá gbé ètò kan kalẹ̀: orílẹ̀-èdè tàbí yunifásítì á san owó tábìlì kan fún ọdún kan, wọ́n á wá rán onímọ̀ tiwọn wá sórí tábìlì yẹn. Àmọ́ kì í ṣe igi tábìlì lásán o, ẹni tó bá jókòó sí i á bá omi òkun tó ń ṣàn, á bá ẹran inú òkun tí àwọn apẹja ibẹ̀ ti kó wá, á bá kẹ́míkà, á bá ilé ìkàwé. Ó kàn máa wá pẹ̀lú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ni.

Ọ̀rọ̀ tábìlì yìí yí mi lórí. Mo rí i pé ẹni tó ń ti Kabba tàbí Ìsánlú bọ̀ kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún un nìkan, ó fẹ́ mọ ohun tó máa bá lórí tábìlì. Ní Yúróòpù lónìí, àjọ kan tó ń jẹ́ EMBRC ti kó ọ̀pọ̀ ibùdó òkun jọ, wọ́n kọ ohun tí ibùdó kọ̀ọ̀kan ní sójú kan, ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ̀wé síbì kan náà. Mi ò lè ṣe ìyẹn láti ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n mo lè jí òpó wọn wò. Mo wá pín òpó kan yẹn sí mẹ́fà: ta ló lè lò ó (akẹ́kọ̀ọ́ wọn nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ ibòmíì, gbogbo èèyàn), èló ni, ta ló máa tẹ ẹ̀rọ náà (ìwọ tàbí òṣìṣẹ́ wọn), kí ni kó o mú dání, ọjọ́ mélòó ṣáájú lo máa kọ̀wé, ibo lo máa sùn.

Àbúrò mi fi keje kún un: ṣé iná wà lóru? Ó ní ẹni tó gbé sáńpù sínú firísà ní alẹ́ Friday tó wá padà ní Monday ló mọ ìdí tí òun fi ń bèèrè.

Ìpele 4: Iléeṣẹ́ kan já sínú òkun

Mo fẹ́ kó wà lórí máàpù, kí èèyàn lè rí èyí tó sún mọ́ ọn. Mo kó latitude àti longitude wọlé, mo gbé e sórí My Maps, mo ń wo ó. Mo rí i pé àmì pupa ti Victoria Island kò sí l'Ékòó, ó wà nínú omi búlúù, ó jìn sí etíkun dáadáa. Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo pa á, mo tan án, ibẹ̀ náà ló wà.

Mo lo wákàtí méjì lórí ẹ̀ kó tó yé mi, àti pé Kabba gan-an ló là mí lójú. Mo ní jẹ́ kí n fi ìlú tí mo mọ̀ dán an wò. Ìwé kan ní Kabba wà ní 7°50′ àríwá. Mo tẹ 7.50. Àmì Kabba lọ bọ́ sí ìhà Ibillo, ní ìpínlẹ̀ Edo! Mo ń gba ọ̀nà yẹn kọjá, mo mọ̀ pé Kabba ò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé 50 yẹn, ìṣẹ́jú ni, ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló wà nínú dìgírì kan, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbọ́dọ̀ pín in sí ọgọ́ta kẹ́ ẹ tó fi kún un. 50 pín sí 60 jẹ́ 0.833, Kabba wà ní 7.833 nígbà yẹn, ìyàtọ̀ yẹn tó kìlómítà 37.

Victoria Island náà: 6°25′ àríwá, 3°24′ ìlà oòrùn. Mo ti tẹ 6.25 àti 3.24. Ó yẹ kó jẹ́ 6.4167 àti 3.4. Àṣìṣe kékeré yẹn gbé iléeṣẹ́ odindi lọ sí nǹkan bíi kìlómítà 25 síbi tí kò yẹ. Fọ́múlà ẹ̀ rọrùn, tí dìgírì bá wà ní A2, tí ìṣẹ́jú wà ní B2, ẹ kọ =A2+B2/60. Mo tún gbogbo 39 ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, torí àwọn kan ti wà ní désímà tẹ́lẹ̀, tí mo bá fi fọ́múlà lù wọ́n pọ̀ ni, èyí tó dáa náà á tún bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ìlú yín dán an wò. Ojú tó mọ ilẹ̀ ló ń rí i tí àmì bá ṣáko.

Kí n tó kúrò lórí èyí: ọkọ̀ ìwádìí ò ní ojú kan. Ọkọ̀ Dr Fridtjof Nansen, tí Norway àti FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ń lò láti ran àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa lọ́wọ́ láti ka ẹja inú òkun, ó ti wà láti 1975, èyí tó ń rìn báyìí ni ìkẹta tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, 2017 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Níbo ni kí n fi àmì ẹ̀ sí? Mo ti fi sí Bergen ní Norway, àbúrò mi ní ta ló ń lọ Bergen. Mo wá dá irú ibi mìíràn sílẹ̀, "ó ń rìn", tí kò ní àmì lórí máàpù, ohun tó ní ni ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Mo tún dá òmíràn sílẹ̀, "dátà ọ̀fẹ́", fún nǹkan bíi Argo, àwọn ẹ̀rọ tó tó nǹkan bí ẹgbàajì tó ń léfòó káàkiri òkun àgbáyé, wọ́n á rì lọ sí mítà 2,000, wọ́n á máa wọn omi bí wọ́n ṣe ń gòkè bọ̀, ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń rán ohun tí wọ́n rí sí sátẹ́láìtì, ẹnikẹ́ni dẹ̀ lè wà á jáde láìsan kọ́bọ̀. Fún ọmọ tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ tí kò lówó ọkọ̀ Èkó, láàbù nìyẹn náà.

Ìpele 5: Ìpè

Apá yìí ló pẹ́ jù, òun ló dẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Ọ̀sẹ̀ méje.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni pé: "Ẹ káàárọ̀ sà, mò ń ṣe àkójọ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ní." Àwọn èèyàn ń sá fún mi. Ẹnì kan bi mí bóyá ọ́díìtì ni mí. Èmi ni mo ṣìṣe, torí ta ló máa ka ẹ̀rọ ìjọba fún ẹni tí kò mọ̀ rí lórí fóònù? Mo yí i padà, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà, omi wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fẹ́ wọn nǹkan báyìí, ṣé ẹ lè ràn án lọ́wọ́? Òótọ́ dẹ̀ ni. Látìgbà yẹn, ohùn wọn yí padà.

Àṣìṣe kejì: mò ń bèèrè pé "ṣé ẹ ní ẹ̀rọ yìí?" Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò dẹ̀ parọ́, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi wọ́n ni "ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?" Mi ò lè gbàgbé bàbá kan tí mo bi léèrè bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́, ó ní "fún mi ní ìṣẹ́jú kan", mo gbọ́ tó ń rìn, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó tẹ nǹkan kan kà, ó tún un tẹ̀, ó wá mí kanlẹ̀. Ó ní "ọmọ mi, ó tàn, àmọ́ lámpù inú ẹ̀ ti jó." Bàbá yẹn ò mọ̀ mí rí, ó dìde nídìí iṣẹ́ ẹ̀ lọ wò ó fún mi.

Ọ̀rọ̀ lámpù yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé "ó ti bàjẹ́" kì í ṣe èsì. Èyí tí lámpù ẹ̀ jó, èyí tí kẹ́míkà ẹ̀ tán, èyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ti fẹ̀yìn tì, èyí tí kò ní iná, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Mo fi òpó kan síbẹ̀ fún ìdí. Kò pẹ́ tó fi so èso: ibì kan wà tó jẹ́ pé kẹ́míkà nìkan ló tán, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta láti ilé ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí i nínú sheet, wọ́n dáwó ra kẹ́míkà, wọ́n lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Wọn ò mọ ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ìlà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá ní nǹkan mẹ́ta báyìí: ipò ẹ̀ (ń ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́, a ò tíì mọ̀), ìdí, àti déètì tí ẹnì kan rí i kẹ́yìn. Mo fi conditional formatting sí déètì yẹn, =TODAY()-F2>180, tó bá ti lé ní 180 ọjọ́, àpótí yẹn á di yẹ́lò fúnra ẹ̀. Tí mo bá ní kí n yọ gbogbo òpó kúrò kí n fi ẹyọ kan sílẹ̀, déètì yẹn ni mo máa fi sílẹ̀.

Ìpele 6: Ohun méjì tó dùn mí

Èkíní, mo fi nọ́ńbà àdáni òṣìṣẹ́ láàbù kan sínú sheet, mi ò bi í léèrè. Mo pín líǹkì sí gúrúùpù WhatsApp méjì lọ́jọ́ Satide. Ní ọjọ́ Monday ó pè mí, ó ní láti Satide ni àwọn èèyàn ti ń pe òun, kódà nígbà tí òun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, ta ló fún yín ní nọ́ńbà òun? Ó tọ́ sí i láti bínú. Mo tọrọ àforíjì, mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, mo tún yọ gbogbo nọ́ńbà àdáni tó kù, kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú ẹ̀ mọ́, ìmeèlì ọ́fíìsì àti ipò nìkan. Ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe yẹn.

Èkejì, mo fi líǹkì sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè tún un ṣe. Ẹnì kan mú òpó orúkọ nìkan, ó tò ó ní A sí Z, àwọn òpó yòókù ò tẹ̀ lé e. Àárọ̀ ni mo rí i: microscope ti wà ní ibi tí kò yẹ, ọkọ̀ ojú omi ti wọ ilé ìwé tí kò lómi rárá. Àyà mi já. Version history ló gbà mí, mo dá a padà sí ti alẹ́ àná. Látìgbà yẹn wíwò nìkan ni líǹkì, ẹni tó bá ní àtúnṣe á kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, mo máa pè kí n tó fi síbẹ̀. Ó lọ́ra, àmọ́ kì í dàrú.

Ìpele 7: Ìlà tiwa

Mo wo máàpù yẹn lọ́jọ́ kan, àmì wà l'Ékòó, ó wà ní Port Harcourt, ó wà ní Calabar, ó wà ní New Bussa, ìwọ̀ oòrùn Kogi ò ní kankan. Àbúrò mi ní ẹ jẹ́ ká fi tiwa síbẹ̀. Mo ní kí la ní? Ó ní Secchi disk, ó ní a lè ṣe é.

Awo pẹrẹsẹ ni, wọ́n máa ń fi okùn sọ ọ́ sínú omi, ibi tí ojú ò bá ti rí i mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ìyẹn á sọ bí omi ṣe mọ́ tó. Àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, ló fi irú ẹ̀ wo omi Mediterranean ní 1865. Ti òkun máa ń funfun látòkè délẹ̀, ti omi odò ni wọ́n ń pín sí mẹ́rin, dúdú, funfun, dúdú, funfun, sẹ̀ǹtímítà 20 ni fífẹ̀ ẹ̀.

Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì páìntì ńlá ni mo gé. Mo fi okùn so ìṣó mọ́ bébà láti ya òbìrípo, mo fi ayùn irin gé e, mo fi sáńdípépà dán etí ẹ̀. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ nínú dúrọ́ọ̀mù omi ẹ̀yìnkùlé: ó léfòó. Mo fi nọ́ọ̀tì irin mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀, ó rì, àmọ́ ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí abọ́ tó fẹ́ dà. Mo tú u, mo fi bóòtù gígùn kan gba àárín gangan, mo to nọ́ọ̀tì sórí bóòtù yẹn lábẹ́, ìgbà yẹn ló tó dúró pẹrẹsẹ. Okùn náà tún yọ mí lẹ́nu. Naílọ́ọ̀nù ni mo rà, mo fi máákà sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan nígbà tó gbẹ. Lẹ́yìn tó rẹ sómi tí irin ti fà á, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mítà méjì ti di mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Mo rẹ okùn náà sómi di ọjọ́ kejì, mo so irin náà kọ́ ọ, mo wá sàmì tuntun sí i bó ṣe wà lómi yẹn, àwọ̀ míì ni mo lò kí n má bàa ṣì í kà.

A gbé e lọ sí Ejiba, sí dáàmù Omi níbẹ̀, èmi àti àbúrò mi àti apẹja kan tó fi ọkọ̀ ẹ̀ gbé wa. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Aago méjìlá ọ̀sán, oòrùn wà lẹ́yìn wa. Àbúrò mi ń sọ okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń wo funfun yẹn tó ń di bíi ẹ̀kọ, ó di bíi tíì, ó lọ. Sẹ̀ǹtímítà 35. A fà á gòkè títí tó tún fi hàn, 31. Ẹ máa fi méjèèjì kún ara wọn kẹ́ ẹ pín in sí méjì, 33 la kọ sílẹ̀. Apẹja yẹn gba okùn lọ́wọ́ wa, ó ní kí òun náà wò ó, òun náà kà 33, ó wá sọ fún wa pé ní àkókò ọyẹ́, ó máa ju ìyẹn lọ dáadáa, ká padà wá.

Ibi tó dé báyìí

Ibi 39 yẹn àti àwọn tí mo fi kún un lẹ́yìn náà, ìlà ẹ̀rọ 117. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà ní "a ò tíì mọ̀", mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ méfò. Owó tó jẹ: dátà ₦18,500, kádì ìpè ₦11,200, pẹtiróòlù ₦26,000, ọkọ̀ lọ Ejiba àti bọ̀ pẹ̀lú owó apẹja ₦14,000, páìntì, okùn, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ₦6,300, ìwé títẹ̀ ₦2,000. Àpapọ̀ ₦78,000. Pẹtiróòlù ni mi ò ṣírò dáadáa níbẹ̀rẹ̀, mo rò pé ₦10,000 á tó.

Àbúrò mi rí omi ẹ̀ wọ̀n. Sẹ́mẹ́sítà tó tẹ̀ lé e ló tún lọ bu ú, ike mẹ́jọ lọ́tẹ̀ yìí. Ibi tó ti wọ̀n ọ́n ò ní "òkun" tàbí "ẹja" nínú orúkọ ẹ̀ rárá, ẹ̀ka kẹ́místírì ní ilé ìwé kan ni, wákàtí kan péré sí ibi tó ń gbé. Nínú àkọsílẹ̀ mi àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti orúkọ ilé, kò lè rí i láéláé. Ẹ̀rọ ló wá nínú sheet, ẹ̀rọ ló mú un débẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ò ní aṣọ lórí, ẹnì kan ń lò ó lọ́wọ́ nígbà tí òun wọlé, òun dúró dè é.

Ìlà tiwa ni NG-KO-001, Secchi disk, sẹ̀ǹtímítà 20, okùn mítà 5, ẹnikẹ́ni lè yá a lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mú okùn ẹ̀ gbẹ kó o tó dá a padà. Ọmọkùnrin kan láti Ìsánlú yá a ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún iṣẹ́ ilé ìwé, ó dá a padà ní àná, ẹrẹ̀ pupa ṣì wà lára okùn, ó fi bébà kan sínú báàgì tó kọ ohun tó kà sí. Mo fọ okùn yẹn, mo so ó kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ṣí sheet, mo yí déètì ẹ̀ padà sí ti àná.